Ìtàn Ìgbésí Ayé George Stephenson, Baba Ọkọ̀ Ojú Irin

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bí a bá wo bí àwọn ohun tuntun ṣe ń wọ inú ayé ọmọ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ohun ìrìnnà tàbí irinṣẹ́ ọwọ́, a ó rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ohun tuntun kì í gba ipò lọ́wọ́ ohun àtijọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì a jọ máa gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí tí ọ̀kan yóò fi fi hàn pé òun sàn ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tí a fi yàn láti sọ ìtàn George Stephenson fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Baba ọkọ̀ ojú irin ni ayé ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń rìn lórí irin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó mú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti dán wò, ó tún un ṣe, ó sì dúró tì í títí tí gbogbo ènìyàn fi gbà á.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1781 ni a bí i ní Wylam, abúlé àwọn awakùsà kan ní ẹ̀bá odò Tyne, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni láti máa da èédú sí iná ẹ̀rọ ńlá tí ń fa omi jáde kúrò nínú kòtò èédú. Baba àti ìyá rẹ̀ kò mọ ìwé, owó tí ń wọlé kò sì tó láti rán àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí George wà ní kékeré, ó ń da màlúù fún opó kan, kọ́bọ̀ méjì owó Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ń gbà lójúmọ́. Lẹ́yìn èyí ó ń ṣa òkúta kúrò nínú èédú, kò sì pẹ́ tí ó fi di olùrànlọ́wọ́ baba rẹ̀ nídìí iná. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 17, wọ́n fi í ṣe alábòójútó ẹ̀rọ, ipò rẹ̀ sì ga ju ti baba rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ọmọkùnrin yìí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́ pé àwọn ènìyàn ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ẹ̀rọ sínú ìwé, ó sì rí i pé ẹni tí kò lè kàwé yóò máa wá ohun tí ẹlòmíràn ti rí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó díẹ̀ lọ́sẹ̀ fún olùkọ́ kan tí ń kọ́ni ní alẹ́. Bí ó bá sì padà sí ẹnu iṣẹ́, a máa ṣe ìṣirò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ gbafẹ́, òun a tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, a nù ún, a yẹ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wò, a sì tún un tò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn.

Ní 1802 ó fẹ́ ìyàwó, Frances Henderson ni orúkọ rẹ̀. Owó iṣẹ́ kò tó wọn, nítorí náà George ń tún bàtà ṣe, ó sì ń tún aago ṣe pẹ̀lú. Ní 1803 wọ́n bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Robert. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò jìnnà. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí tẹ̀lé e kú ní ìkókó, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì pa ìyàwó náà ní 1806. George fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Nígbà tí ó padà dé, jàǹbá ti fọ́ baba rẹ̀ lójú lẹ́nu iṣẹ́. Ó san gbèsè baba, ó sì gba bùkátà àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀nà là fún un. Ní 1811, kòtò èédú kan wà ní Killingworth tí omi kún, tí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ kò sì lè fà á. Àwọn ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ ti ṣe é tì. Stephenson ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò. Ó tú u palẹ̀, ó tún un ṣe, láàrin ọjọ́ díẹ̀ kòtò náà sì gbẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn olówó tí ó ni àwọn kòtò èédú náà fi í ṣe olórí gbogbo ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ń san £100 fún un lọ́dún.

Ní àkókò yìí, ẹṣin ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ tí ó ru èédú láti ẹnu kòtò dé etí odò, lórí ọ̀nà tí a fi igi tàbí irin tẹ́. Ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Faransé jà ti sọ oúnjẹ ẹṣin di ọ̀wọ́n, àwọn olówó sì ń wá ohun tí yóò rọ́pò ẹṣin. Richard Trevithick ti ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń rìn lórí irin ní 1804, ṣùgbọ́n ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí irin ojú ọ̀nà fi ń ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. William Hedley náà ṣe tirẹ̀ ní Wylam, abúlé tí a bí Stephenson sí. Stephenson lọ wo iṣẹ́ àwọn aṣáájú wọ̀nyí, ó rí èyí tí ó dára àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ní 1814 ó ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ó pè é ní Blücher. Ó fa ẹrù 30 tọ́ọ̀nù gun òkè, ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ ibùsọ̀ 4 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá lè bá a dọ́gba, owó tí ó ń ná wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ẹṣin. Ẹlòmíràn ìbá ti pa á tì. Stephenson kò ṣe bẹ́ẹ̀; ó ń ṣe òmíràn tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń tún irin ojú ọ̀nà ṣe pẹ̀lú, nítorí ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dáradára kò wúlò lórí ọ̀nà búburú.

Bí ó ti ń ṣe èyí, kò gbàgbé ọmọ rẹ̀. Ó rán Robert lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Newcastle, ó sì ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún un láti máa gùn lọ. Ọmọ a mú ìwé wálé, baba àti ọmọ a sì jọ kà á ní alẹ́. Owó tí baba fi kọ́ ọmọ ni ọmọ náà fi ń kọ́ baba.

Ní 1821 ni ìjọba gbà kí wọ́n ṣe ọ̀nà irin láti Darlington dé Stockton. Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Stephenson lọ bá Edward Pease, olórí àwọn tí ó dá owó jọ, ó sì rọ̀ ọ́ kí ó wá wo ẹ́ńjìnnì ní Killingworth. Pease lọ, ó rí i, ó sì gbà. Nígbà tí ó kan irin tí wọn yóò tẹ́ sí ojú ọ̀nà, Stephenson ní ẹ̀tọ́ lórí irú irin kan tí ì bá mú owó púpọ̀ wọlé fún un, ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn pé irú tí ẹlòmíràn ń ṣe ni ó lágbára jù, òun ni kí wọ́n rà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1825, wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Stephenson fúnra rẹ̀ ni ó wa ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní Locomotion, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì dì mọ́ orí kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ní ọjọ́ kejì gbogbo ẹṣin ti padà sí ilé kò mọ bí ayé ti ń yí. Ẹ́ńjìnnì ń fa èédú, ṣùgbọ́n ẹṣin ni ó ń fa àwọn èrò lórí irin kan náà títí di 1833. Àwọn awakọ̀ ń jà nítorí ẹni tí yóò yà fún ẹnìkejì. Àwọn ẹ́ńjìnnì ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, àwọn kan sì ti ń rò ó pé kí wọ́n padà sí ẹṣin pátápátá, kí Timothy Hackworth, alábòójútó ẹ̀rọ ibẹ̀, tó ṣe èyí tí ó lágbára jù ní 1827. Ní 1828 wọ́n tilẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹṣin a gun orí kẹ̀kẹ́ náà, a máa jẹ koríko rẹ̀, a sì máa sinmi títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo bí ohun àtijọ́ àti ohun tuntun ti jọ rin ìrìn àjò kan náà!

Ìdánwò tí ó tóbi jù ni ọ̀nà irin láàrin Liverpool àti Manchester. Àwọn onílẹ̀ ńláńlá àti àwọn tí ó ni ọ̀nà omi dìde sí i. Ní 1825, wọ́n pe Stephenson síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wọn ilẹ̀ ní ìwọ̀nkuwọ̀n, òun kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Agbẹjọ́rò tú àṣìṣe náà fó lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi ohùn àríwá tí ó fi ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé òfin náà ṣubú, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba òfin náà wọlé ní 1826, Stephenson ni wọ́n tún pè padà. Ilẹ̀ àbàtà ńlá kan wà lójú ọ̀nà, Chat Moss ni wọ́n ń pè é. Ohun gbogbo tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ni ó ń gbé mì. Stephenson tẹ́ igi wẹ́wẹ́ àti ewéko tí a dì ní ìdì sí orí rẹ̀, ó sì mú kí ọ̀nà léfòó lé e lórí.

Títí di 1829, àwọn olówó náà kò ì tí ì pinnu ohun tí yóò fa ọkọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ méjì gbà wọ́n ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ojú kan, kí ó máa fi okùn fa ọkọ̀. Nítorí náà wọ́n pe ìdíje sí Rainhill ní oṣù kẹwàá ọdún náà, £500 ni ẹ̀bùn rẹ̀. Márùn-ún ni ó wá, ẹṣin ni ó sì ń wa ọ̀kan nínú wọn láti inú! Rocket ni ó borí, èyí tí Robert ṣe pẹ̀lú baba rẹ̀. Henry Booth, akọ̀wé àwọn olówó náà, ni ó sì mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀pá wẹ́wẹ́ gba inú ìkòkò omi rẹ̀ kọjá, kí omi lè tètè hó. Eré rẹ̀ tó ibùsọ̀ 29 ní wákàtí kan nígbà tí ó yá a jù.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1830 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ẹkún dà pọ̀ mọ́ ayọ̀. William Huskisson, aṣojú Liverpool nílé ìgbìmọ̀, sọ̀ kalẹ̀ sí ojú irin nígbà tí ọkọ̀ dúró gba omi. Rocket dé, ó sì gé e lẹ́sẹ̀. Stephenson fi ẹ́ńjìnnì mìíràn gbé e sáré lọ sí Eccles, ṣùgbọ́n ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ènìyàn kò ì tí ì mọ́ra pẹ̀lú ohun tí ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èrò tí ó wọ ọkọ̀ náà ní 1831 lé ní 400,000.

Kí ni ó wá dé bá àwọn tí ń jẹun láti ara iṣẹ́ àtijọ́? Òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ń ná Liverpool sí Manchester fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàrin ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ọkọ̀ kó dé ibùdókọ̀ kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ẹṣin ni yóò gbé e. Nítorí náà ẹṣin tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ sí i ni lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé. Àwọn òṣìṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kòtò èédú ni Stephenson sì kó wá láti agbègbè rẹ̀ láti wa ẹ́ńjìnnì tuntun. Ní ilẹ̀ tiwa náà, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn ní 1901, àwọn alágbàrù ni ó ṣì ń ru ẹrù láti oko wá sí ibùdókọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwọ̀n tí Stephenson bá lórí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin ní Killingworth ni ó gbé wọ inú iṣẹ́ tuntun. Ìwọ̀n náà ni ó di ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 àbọ̀ láàrin irin méjì, tí òfin 1846 fi lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó tẹ́ èyí tí ó tóóró sí ilẹ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6. Ṣùgbọ́n ọ̀nà irin tuntun láàrin Èkó àti Ìbàdàn tí ìjọba ṣí ní 2021, ìwọ̀n ti Stephenson ni wọ́n lò fún un.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, Stephenson kọ oyè tí ìjọba fẹ́ fi dá a lọ́lá. Ní 1847 àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi í ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ó ń tọ́jú ọgbà rẹ̀ ní Chesterfield, ó sì ń ki kùkúḿbà bọ inú ìgò gbọọrọ kí wọ́n má baà wọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1848 ni ó kú, ní ọmọ ọdún 67.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, lójú tiwa ohun pàtàkì kan wà nínú ìtàn yìí ju ẹ́ńjìnnì lọ. Bí kò bá sí olùkọ́ alẹ́ tí ó gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọdún 18 tí kò mọ ìwé, Stephenson ì bá kú sí ìdí iná baba rẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ti wọ ọ́fíìsì àti ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tuntun sì ti wọ ọwọ́ atọ́kọ̀ṣe àti télọ̀. Àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa ń bẹ̀rù pé ìgbà ti fi wọ́n sílẹ̀. Àyè ṣì wà fún wọn, nítorí ohun tuntun kì í dé lójijì. Ṣùgbọ́n àyè náà kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó. Bí ẹgbẹ́ wa bá lè ṣí yàrá ìkàwé kan sílẹ̀ ní alẹ́ fún àwọn àgbàlagbà tí ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi bá sì fi owó àti ìwé ràn án lọ́wọ́, a ó ti ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn ohun tí olùkọ́ alẹ́ náà ṣe fún George Stephenson.