Àkísà Àgbà: Ìgbésí Ayé J. P. L. Davies

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí bá ọmọdé wí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Àdánù tí àgbà ti rí kọjá ni àkísà rẹ̀. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn yóò kọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ láìjẹ ìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé James Pinson Labulo Davies.

Ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1828, àwọn Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni òbí rẹ̀. Ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀gá ọkọ̀ òkun. Ní ọdún 1856 ó fi Èkó ṣe ibùgbé, òwò sì gbè é. Nígbà tí ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859, £50 ni ó fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1862 ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń ṣe alágbàtọ́ fún.

Ṣùgbọ́n gbèsè wọlé dé. Ní ọdún 1876 òwò náà dojú dé, nígbà tí Davies ti ń súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún.

Kò káwọ́ gbera. Ó kọjú sí oko ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége. Ní ọdún 1879 àti 1880 ó rí èso kòkó gbà láti inú ọkọ̀ àwọn ará Brazil àti láti erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí. Àjèjì ni kòkó jẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ wa nígbà náà.

Davies kò fi ọgbọ́n náà pamọ́. Ó fi han Jacob Kehinde Coker, ẹni tí a bí ní ọdún 1866, tí òun náà sì dá oko ńlá sí Ifàkọ̀. Davies kú ní ọdún 1906. Ní ọdún 1907 Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá ṣe lébìrà ní Agége kọ́ iṣẹ́ kòkó níbẹ̀, wọ́n sì gbé èso àti ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú wọn ní òkè. Báyìí ni kòkó ṣe tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Àṣà ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa gan-an nìyí: ẹni tí a kọ́ yóò kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá òwò sílẹ̀, ẹ má ṣe sá fún àgbà nítorí pé òwò rẹ̀ ti dojú dé rí. Ó lè jẹ́ òun ni ó mọ ibi tí kòtò wà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe sin àkísà yín mọ́ ara yín. Bí Davies bá ti fi ìtìjú pa ẹnu mọ́ ní Ìjọn ni, ta ni ì bá kọ́ Coker?