T. J. Bowen: Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Fetí Sílẹ̀

Ẹ ka Jákọ́bù 1:19 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.

Thomas Jefferson Bowen ni òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi tí ó kọ́kọ́ mú ìhìn rere wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni a ti bí i ní 1814. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850. Goodale, tí wọ́n jọ kúrò nílé, ti kú ní Làìbéríà.

Ìgbòho ni ọkàn rẹ̀ fà sí, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà, ó sì ní láti dúró ní Abẹ́òkúta fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Ẹlòmíràn ìbá ka àkókò náà sí òfò. Bowen mọ̀ pé àlejò lójú, kò fi í ríran. Nítorí náà ó jókòó ti àwọn onílé, ó ń kọ́ èdè àti ìṣe wọn. Nígbà tí ogun Dàhómì dé bá Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1851, kò sá fi wọ́n sílẹ̀.

Ní 1853, òun àti ìyàwó rẹ̀ padà wá. Ààrẹ Kúrunmí gbà wọ́n ní Ìjàyè, a sì kọ́ ilé ìsìn níbẹ̀ ní 1854. Ní 1855 ó lọ sí Ìlọrin. Wọ́n gbà á lálejò, ṣùgbọ́n wọn kò fún un láyè láti máa gbé ibẹ̀. Bowen kò bá wọn jà. Ó padà lẹ́yìn wọn ní àlàáfíà. Ní ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àìlera mú un padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ní 1858 ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde; iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ti ṣe ṣáájú ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní 1875.

Ará, ọdún díẹ̀ ni Bowen lò láàárín wa, ó sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn. Bí àwa bá fẹ́ dá ibùdó ìwàásù sílẹ̀ ní àdúgbò titun, a máa ń gbé ìwàásù lọ́wọ́ kí a tó kí baálé ilé. A kì í béèrè ohun tí ó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà a ó máa sọ pé ọkàn wọn le.

Ìbéèrè: Ta ni ó wà ní àdúgbò rẹ tí o ti wàásù fún, ṣùgbọ́n tí o kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tán rí?