Ìforítì Onígbàgbọ́ Lórí Àkàsọ̀ Oyè: Ìgbésí Ayé Ọba Isaac Babalọlá Akínyẹlé (1882–1964)

Ìfáárà

Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, a kì í bí ọmọ sórí ìtẹ́ Olúbàdàn. Ẹni tí yóò jọba níbẹ̀ ní láti gba oyè kékeré, kí ó sì máa gun àkàsọ̀ oyè ní ìpele ìpele, yálà ní ìlà Olúbàdàn tàbí ní ìlà Balógun. Sùúrù àti ẹ̀mí gígùn ni ohun èlò tí a fi ń dé òkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ẹni tí ó fẹ́ borí ẹ̀ṣẹ̀ rí: kì í ṣe ìjàkadì ọjọ́ kan. Isaac Babalọlá Akínyẹlé gun àkàsọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú ìgbésí ayé kan ṣoṣo. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìwà kan náà ni ó mú gun ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìbí àti Ilé Tí Ó Ti Jáde

Ọdún 1882 ni a bí i, nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ìbọn àti idà ni a sì fi ń di ènìyàn pàtàkì. Láti ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti dá ibùdó ìjíṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Kúdẹtì, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ kò pọ̀ rárá. Josiah Akínyẹlé, bàbá Isaac, wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ó tètè gba ẹ̀sìn náà. Ọmọ ilé ìwé àti ilé àdúrà ni Isaac àti Alexander Babátúndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jẹ́ láti kékeré.

Òǹkọ̀wé Ìlú Rẹ̀

Ní ọdún 1911 ni ìwé tí Isaac kọ, Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, jáde. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Ó to ìtàn àwọn olórí ìlú, ogun wọn àti oríkì wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó yẹ kí a fiyè sí èyí dáadáa, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá kọ òrìṣà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ oríkì sílẹ̀ pẹ̀lú. Ti Akínyẹlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó mú ìtàn àti àṣà ìlú ní ọ̀kúnkúndùn.

Ìyapa Láàárín Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò

Àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú ọdún 1918 pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, J. B. Ṣàdárè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara jọ fún àdúrà. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run nìkan tó láti wo àìsàn sàn, wọn kò sì fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó mú wọn kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1922. Kí ọdún 1930 tó dé ni Isaac Akínyẹlé ti dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ yìí kò rọrùn. Ìjọ bàbá rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró síbẹ̀: òun ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Ibadan Grammar School ní ọdún 1913, òun náà ni ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn àkọ́kọ́ ní ọdún 1952. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí lílo oògùn láàárín àwọn aládùúrà àti àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti pè wá ràn wọ́n lọ́wọ́, Akínyẹlé wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà kí a lo oògùn. Nínú ìyapa náà ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti jáde, Akínyẹlé sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ènìyàn lè má fara mọ́ ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èrè ni ó ń wá kiri.

Adájọ́ Láàárín Ìlú àti Oko

Akínyẹlé jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Ará Ìbàdàn ní ilé nígboro, ó sì ní abúlé lóko. Àwọn oko wọ̀nyí tàn dé ibi tí a ń pè lónìí ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Kòkó ti sọ ilẹ̀ di ohun iyebíye. Nítorí náà, ẹjọ́ ààlà oko, oko kòkó tí a fi dógò, gbèsè àti ìkọ̀sílẹ̀ kò wọ́n ní kóòtù.

Níbí ni ẹ̀ṣẹ̀ ti máa ń wọlé láìkanlẹ̀kùn. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọlúàbí kì í ṣọwọ́ òfo lọ kí àgbà. Àgbébọ̀ adìẹ tàbí agbọ̀n iṣu lè jẹ́ ọ̀wọ̀ lásán; bí ẹni tí ó gbé e wá bá ní ẹjọ́ ní kóòtù, ó ti di àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Akínyẹlé mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Orúkọ tí ó ní ni ti adájọ́ tí kì í gba rìbá.

Olúbàdàn Onígbàgbọ́

Ní ọdún 1955, lẹ́yìn ikú Olúbàdàn Ìgbíntádé Àpẹtẹ̀, àkàsọ̀ dé òkè. Akínyẹlé jọba ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ó lé díẹ̀. Oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí àti Kristẹni ni ó di bàbá fún lẹ́ẹ̀kan náà. Kò kúrò nípò ààrẹ ìjọ nítorí adé, kò sì sọ pé ìlú gbọ́dọ̀ di ti ìjọ òun.

Ìjọba rẹ̀ kò ṣàìrí ìdààmú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1958, ikú Adégòkè Adélabú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ẹ̀mí sì ṣòfò nígboro àti ní àwọn abúlé àyíká. Ọba náà wà lórí ìtẹ́ àti lórí ìjọ títí ó fi wàjà ní ọdún 1964.

Ìgúnlẹ̀

Ìgbésí ayé yìí kọ́ni pé ìforítì kì í ṣe ariwo. Ohun kékeré tí a kọ̀ lónìí ni ó ń fún ni lágbára láti kọ ńlá lọ́la. Olùkọ́ tuntun tí a bá rán lọ sí Mọníyà, Làlúpọn tàbí Àkànràn kò ní í bá adé pàdé lọ́nà. Òbí tí ó fẹ́ ra máàkì fún ọmọ rẹ̀ ni yóò bá pàdé, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá ìrànwọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìpele àkọ́kọ́ lórí àkàsọ̀ nìyẹn.