Àṣàrò Òwúrọ̀: Abọ́ Omi Semmelweis

Tí nọ́ọ̀sì bá ń ṣan ọwọ́ kó tó kàn wá lára, ó yẹ ká rántí dókítà kan, Ignaz Semmelweis, ọmọ Hungary.

Ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna ló ti ṣiṣẹ́. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà níbẹ̀: dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìkíní, àwọn agbẹ̀bí ní ìkejì. Ní 1846, nínú 100 abiyamọ, bíi 11 ló kú lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, wọn ò tó 3. Àwọn aboyún mọ̀ o! Wọ́n á kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí wọ́ọ̀dù ìkíní.

Ní 1847, níbi tí wọ́n ti ń la òkú yẹ̀wò, ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gún ọ̀rẹ́ Semmelweis níka. Irú àìsàn tó ń pa abiyamọ náà ló pa á. Ojú Semmelweis là. Àṣé ọwọ́ dókítà tó ń ti ibi òkú bọ̀ ló ń gbé ikú wá. (Òun náà wà nínú wọn o, ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa dùn ún tó!) Ó gbé abọ́ omi oníklóríìnì kalẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kan aláboyún láì ṣan ọwọ́. Ní 1848, àwọn tó kú kò tó 2 nínú 100.

Ọ̀pọ̀ àgbà dókítà ò gbà. Ta ni yóò sọ pé ọwọ́ àwọn dọ̀tí? Ó padà sí Hungary, ó ń bá iṣẹ́ náà lọ, ó ń kọ lẹ́tà líle sí wọn. Ní 1865, wọ́n tàn án lọ sílé alárùn ọpọlọ ní Vienna. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló kú, ẹni ọdún 47. Egbò tó kẹ̀, tó sì ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ló pa á.