Stephen Keshi: Ẹni tí Ó Ṣọ́ Ẹ̀yìn Ilé

Bí ogun bá dé, jagunjagun tí ó wà níwájú ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ẹni tí ó dúró ti odi ìlú kì í ní ìròyìn, àfi ọjọ́ tí odi bá wó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí lórí pápá bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Bí a bá ń ka àwọn ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, Teslim Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder ni a óò kọ́kọ́ dárúkọ, a óò wá dórí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, a óò sì fi Ràṣídì Yẹkínì kádìí rẹ̀. Àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ni gbogbo wọn. Ta ni ó ń ka àwọn tí kò jẹ́ kí ó wọ àwọ̀n tiwa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìtàn ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti kàwé, itòsí Bàrígà àti Ṣómólú ni a sì ti rí i mọ̀. Stephen Keshi ni orúkọ rẹ̀.

Ìbí àti Ìwé Kíkà Rẹ̀

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1962 ni a bí Stephen Okechukwu Keshi ní ìlú Azare, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọmọ Illah ni àwọn ẹbí rẹ̀, ìlú kan létí odò Ọya ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ṣùgbọ́n Èkó ni ọmọ náà dàgbà sí. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Paul's ní Apapa Road ni ó lọ, lẹ́yìn náà ni ó wọ St. Finbarr's College ní Akọkà.

Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò yìí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ní apá kan ni Yunifásítì Èkó wà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé. Ní apá kejì ni Bàrígà títí dé etí ọ̀sà, àti Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké láti àárọ̀ di alẹ́. Láàárín méjèèjì ni àwọn ọmọdé ti ń fi òkúta mẹ́rin ṣe mọ́ńkí-póòsì sí ojú títì, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ láìwọ bàtà. Bí ọkọ̀ bá dé, wọn a gbé òkúta kúrò. Bí ó bá kọjá tán, wọn a tún gbé e padà. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn kì í pẹ́ tí yóò fi di òǹwòran.

Fadá Denis Slattery, àlùfáà ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Ireland, ni ó dá St. Finbarr's sílẹ̀ ní ọdún 1956. Kì í ṣe àlùfáà nìkan. Ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald rí, ó sì máa ń ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù. Ohun mẹ́ta ni a fi mọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀: ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Àwọn òbí tí ó ń na ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù nígbà náà pọ̀, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ìpáǹle ni. Àlùfáà yìí ni ó fi hàn wọ́n pé ọmọ lè fi ọwọ́ kan mú ìwé, kí ó sì fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ ni Keshi ti bá Henry Nwosu pàdé, ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà fún wa ní ọdún 1980 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn wọn ni Samson Siasia àti Nduka Ugbade gba ibẹ̀ kọjá. Ugbade ni balógun àwọn ọmọdé tí ó gba ife àgbáyé ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1985. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ó bí gbogbo wọn.

Nígbà tí Bọ́ọ̀lù Kò Tíì Jẹ́ Iṣẹ́

Ní ọdún 1979, Keshi bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ African Continental Bank ní Èkó. Ní ọdún 1980 ó lọ sí ìlú Bìní, sínú ẹgbẹ́ New Nigeria Bank. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé orúkọ báǹkì ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń jẹ́. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tí a gbà síṣẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ wọn ni agbábọ́ọ̀lù jẹ́ lórí ìwé. Ọdún 1990 ni líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ọwọ́ ẹ̀yìn ni Keshi ń gbá, ní àárín gbùngbùn, níwájú aṣọ́lé. Ó ga, ó ní ara, kì í sì í fi orí bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni ó fi yàtọ̀. Láti ẹ̀yìn tí ó dúró sí ni ó ti ń rí gbogbo pápá, níbẹ̀ náà ni ó sì ti ń tò wọ́n: ìwọ bọ́ sí ọ̀tún, ìwọ padà sẹ́yìn. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń pè é ní Big Boss, orúkọ tí ó bá a dé ibojì. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ New Nigeria Bank gba ife àwọn ẹgbẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1983, wọ́n sì tún gbà á ní 1984.

Ó ti wọ ẹgbẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Green Eagles nígbà náà, ní ọdún 1981. Ó wà pẹ̀lú wọn ní Abidjan ní 1984 nígbà tí Cameroon fi góòlù 3 sí 1 gba ife mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìyà tí Ó Di Ọ̀nà

Ní ọdún 1985 ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù sọ pé Keshi àti àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dé ibùdó ìgbaradì, wọ́n sì dá wọn dúró. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ẹlòmíràn ì bá lọ wá alágbàwí kiri, kí ó máa dọ̀bálẹ̀ láti ilé dé ilé. Keshi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó kọjá sí ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan, lẹ́yìn náà fún Africa Sports. Láti ibẹ̀ ni Lokeren ti mú un lọ sí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1986. Ní 1987, Anderlecht, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà, gbà á.

Ọdún mẹ́rin ni ó lò ní Anderlecht. Wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè náà ní 1988 àti 1989, wọ́n dé àṣekágbá ife àwọn tí ó gba ife ní Yúróòpù ní 1990, wọ́n sì gba líìgì ní 1991. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, kí ó tó padà sí Bẹ́ljíọ̀mù, sí ẹgbẹ́ Molenbeek.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe Keshi ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù. Teslim Balógun ti ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n Keshi kò pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó kúrò ní Africa Sports tí Yẹkínì fi débẹ̀. Kò pẹ́ tí ó dé Bẹ́ljíọ̀mù tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà bíi Daniel Amokachi àti Sunday Oliseh fi wọ ibẹ̀. Nii Lamptey, ọmọdékùnrin ará Ghana, náà kò gbàgbé pé Keshi ni ó la ọ̀nà Anderlecht fún òun. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹnì kan di títì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà kọjá.

Balógun

Àwọn tí ó lé e náà ni ó tún ránṣẹ́ sí i. Òun ni balógun ẹgbẹ́ wa ní Morocco ní 1988, nígbà tí Cameroon tún borí wa ní àṣekágbá, 1 sí òdo. Ọjọ́ náà ni Henry Nwosu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti St. Finbarr's, fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, tí rẹfirí sì fagi lé e. Ní 1992, ní Senegal, ipò kẹta ni a mú. Ẹni tí ó bá ti ṣubú tó báyìí ì bá ti jáwọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ní Tunis, ife náà wá dé ọwọ́ wa. Emmanuel Amunike ni ó gbá góòlù méjèèjì tí a fi na Zambia, 2 sí 1. Keshi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni balógun wọn. Ní ọdún náà gan-an ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Ife Àgbáyé, ní Amẹ́ríkà. Ìdíje ẹyọ kan péré ni Keshi gbá níbẹ̀, èyí tí a fi 2 sí òdo na ilẹ̀ Gíríìkì. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́tàlá ru ẹrù náà, ìdíje kan ni ó kàn án nígbà tí a gúnlẹ̀. Kò bínú kúrò níbùdó.

Ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ ní California, níbi tí ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, ó sì parí rẹ̀ ní ẹgbẹ́ Perlis ní Malaysia.

Olùkọ́ni

Ní 2004 ó gba iṣẹ́ olùkọ́ni ilẹ̀ Togo, ilẹ̀ kékeré tí àwọn ìbátan wa ọmọ Ifẹ̀ ń gbé ní agbègbè Atakpamé. Kò sí ẹni tí ó ka Togo sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 wọ́n na Congo 3 sí 2 ní Brazzaville, wọ́n sì fi Senegal sẹ́yìn, wọ́n di ẹni tí yóò lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ìdíje náà tó dé, wọ́n yọ Keshi, wọ́n sì fi Otto Pfister, ará Jámánì, rọ́pò rẹ̀. Ọ̀bọ ṣe iṣẹ́, inàkí jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ó tún kọ́ ẹgbẹ́ Mali.

Ní 2011 ilé ránṣẹ́ pè é. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé wèrè ni: ó kó àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù nílé mọ́ àwọn ti òkèèrè. Godfrey Oboabona, láti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ni ó gbé sí ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba, tí òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Burkina Faso. Yàtọ̀ sí Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì, kò sí ẹni tí ó ti gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni rí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó mú Nàìjíríà dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ní Ife Àgbáyé ní Brazil, kí ilẹ̀ Faransé tó lé wa.

Ọjọ́ kejì tí ó gba ife ti 2013 ni ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ó rí i pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò bu ọlá fún òun. Ó dìgbà tí mínísítà bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó yí ọkàn padà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù. N kò sọ pé kò ní àléébù o. Agídí rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan gbà pé agbára rẹ̀ ju ti olùkọ́ni lọ nígbà tí ó jẹ́ balógun. Abẹ́ rẹ̀ náà sì ni a ti kùnà láti lọ dáàbò bo ife wa ní 2015. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n dá a padà, wọ́n sì tún yọ ọ́ pátápátá ní oṣù keje ọdún náà.

Ìkẹyìn Rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àrùn jẹjẹrẹ pa Kate aya rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tí òun náà tẹ̀ lé e. Ìlú Bìní ni ó kú sí ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2016, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, wọ́n sì sin ín sí Illah. Ọmọ mẹ́rin ni ó fi sáyé. Ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Shaibu Amodu, olùkọ́ni ilẹ̀ wa mìíràn tí a ti yọ tí a sì ti dá padà lọ́pọ̀ ìgbà, náà jáde láyé.

Ní 2018 a fi orúkọ Keshi sọ pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Asaba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Owó tí a jẹ ẹ́ nígbà ayé rẹ̀ ì bá wúlò fún un ju orúkọ ara ògiri lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́? Púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, òǹkà owó: àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ilé, tí a kì í rí àfi bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí pé a kò pàtẹ́wọ́ fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Àwa náà tí a jẹ́ òǹwòran, bí a bá rí ẹni tí ó ń ṣọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kí i kú iṣẹ́ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin St. Finbarr's ti ṣe tirẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.