Wladimir Köppen: Onímọ̀ ewéko tó pín ojú-ọjọ́ ayé sí ìsọ̀rí

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ jọ́gíráfì nílé-ẹ̀kọ́ girama, ó ṣeé ṣe kó ti bá orúkọ Köppen pàdé nínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà bíi Af, Aw àti BS tó máa ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú nígbà ìdánwò. Ohun tí ìwé náà kì í sáábà sọ ni pé ẹni tó ṣètò àwọn lẹ́tà yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú-ọjọ́. Igi àti koríko ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní yunifásítì.

Ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1846. Ará Jámánì ni bàbá bàbá rẹ̀, dókítà tí ìjọba Rọ́ṣíà pè wá ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀, Peter Köppen, jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì ní ilẹ̀ kan létí Òkun Dúdú ní Crimea. Crimea yìí ni ilẹ̀ àwọn Tatar, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Kódà, Simferopol tí Wladimir ti kàwé, Aqmescit ni àwọn Tatar ń pè é, ìyẹn Mọ́ṣáláṣí Funfun.

Òkè ńlá ló wà láàárín Simferopol àti ilé bàbá rẹ̀. Tó bá kúrò nílé-ẹ̀kọ́, pápá koríko gbígbẹ ló máa kọ́kọ́ rí. Tó bá gun òkè, ó di igbó. Tó bá sọ̀kalẹ̀ sí etí òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bọ́ sáàárín ọgbà àjàrà. Ọ̀nà náà kò jìn, síbẹ̀ ewéko ibẹ̀ yí padà léraléra. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ló bá a dàgbà.

Lọ́dún 1870, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Leipzig lórí bí ooru àti òtútù ṣe ń nípa lórí bí ewéko ṣe ń dàgbà. Lọ́dún 1875, ó lọ sí Hamburg, sí iléeṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń bójú tó ọ̀ràn òkun àti ojú-ọjọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tàbí òjò. Àmọ́ igi kì í kúrò lójú kan. Gbogbo ooru, òtútù àti ọ̀dá tó bá wá, orí rẹ̀ ló ń já lé. Köppen wá mú ibi tí igi ti ń hù àti ibi tí kì í hù, ó fi wọ́n fa ààlà. Ibi tí oṣù tó tutù jù kò bá ti lọ sílẹ̀ ju dígírì 18 lọ, A ni. Ibẹ̀ ni àwọn igi ilẹ̀ olóoru ti ń ṣe dáadáa. Ibi tí oṣù tó móoru jù kò bá tó 10, E ni, igi kì í hù níbẹ̀. B ni ilẹ̀ gbígbẹ. Aw ni Ìbàdàn wa: ooru látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, òjò, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn. BS ni Sókótó.

Ọdún 1900 ló gbé e jáde, àmọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún un ṣe lọ́dún 1918, ó sì tún fọwọ́ kàn án lọ́dún 1936, nígbà tó ń lọ sí ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ohun tó wú mi lórí jù nípa bàbá yìí ni ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀, Alfred Wegener. Nígbà tí Wegener kọ́kọ́ sọ pé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ń rìn, Köppen gbà á nímọ̀ràn pé kó má fàkókò ṣòfò lórí rẹ̀, kó gbájú mọ́ iṣẹ́ ojú-ọjọ́. Nígbà tó yá, ó gbà pé ọmọ náà rí ohun tó ń sọ. Lọ́dún 1924, àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé kan nípa ojú-ọjọ́ ayé àtijọ́. Inú ìwé náà ni iṣẹ́ Milankovitch, ará Serbia, wà, nípa ohun tó fa àwọn àkókò tí yìnyín bo ilẹ̀. Köppen ló jẹ́ kó yé Milankovitch pé kì í ṣe òtútù tó le ló ń kó yìnyín jọ, bí kò ṣe ìgbà ooru tí kò móoru tó láti yọ́ ọ.

Wegener kú sínú yìnyín Greenland lóṣù kọkànlá ọdún 1930. Ẹni ọdún 84 ni Köppen nígbà náà, nílùú Graz ní Ọ́stríà. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé ńlá alápá márùn-ún lórí ojú-ọjọ́, tóun àti Rudolf Geiger jọ ń ṣètò, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ń bá a lọ títí ó fi kú ní June 22, 1940, lẹ́ni ọdún 93, ìwé náà kò sì tíì parí. Geiger ló ń tún àwòrán ilẹ̀ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Köppen-Geiger.