Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun

Ìfáárà

Kò sí ìyá kan ní Kúta, tàbí ní ibikíbi ní agbègbè Ìwó, tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ nígbà tí gìrì bá mú ọmọ rẹ̀. Ara ọmọ yóò gbóná bí iná, ojú rẹ̀ yóò yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Láyé àtijọ́, àgbo ìtọ̀ màlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré rọ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Àwọn mìíràn a sì máa ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí ọmọ náà bá wá ní wárápá lọ́jọ́ iwájú, àwọn ará ilé á máa sá fún un, nítorí wọ́n gbà pé itọ́ ẹnu rẹ̀ lè ran ẹlòmíràn. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbésí ayé ọmọ Yorùbá kan tí ó lo ìmọ̀ rẹ̀ láti wádìí irú àwọn àrùn báyìí.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọdún 1935 ni a bí Ọ̀ṣúntókun ní Òkè-Mẹ̀sí, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ilé-ẹ̀kọ́ Christ's School, Adó-Èkìtì, ni ó lọ kí ó tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó kọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ó sì lọ kọ́ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni ó padà sí. Ibẹ̀ ni ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó sì di ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà.

Iṣẹ́ Rẹ̀ lórí Ẹ̀gẹ́

Ní àwọn ọdún 1960, ó ṣàkíyèsí àwọn aláìsàn kan tí ẹsẹ̀ wọn máa ń ta wọ́n bí ẹni fi ata pa á. Wọn kò lè rìn gbọọrọ mọ́. Ojú wọn ń ṣú, etí àwọn mìíràn sì ń di. Ọ̀ṣúntókun kò dúró sí ilé ìwòsàn nìkan. Ó wọ ìgboro àti abúlé lọ, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Òṣósà, láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Oró kan, tí a ń pè ní sáyánáìdì, wà nínú ẹ̀gẹ́. Bí a kò bá rẹ ẹ́ dáadáa kí ó kan, oró náà kì í tán. Èròjà inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà ni ara fi ń borí rẹ̀, èyí tí tálákà kì í sì í rí jẹ tó. Ọdún 1968 ni ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí ń jẹ́ Brain. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn pé àrùn náà ṣì wà ní Òṣósà. Àwọn kan ti ń jiyàn bóyá oró ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n òun ni ó la ọ̀nà tí gbogbo wọn ń tọ̀.

Wárápá, Gìrì àti Arán

Ní Igbó-Ọrà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí láti ojúlé dé ojúlé láàárín ènìyàn bíi 19,000. Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987, fi hàn pé bí ènìyàn 5 nínú ẹgbẹ̀rún ni ó ní wárápá. Wọ́n tún rí i pé gìrì ìgbà èwe wọ́pọ̀ nínú ìtàn àwọn alárùn wárápá. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí gìrì mú ni yóò ní wárápá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tètè tọ́jú ibà ọmọdé ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀.

Ní ọdún 1992, òun àti àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí arán àwọn àgbàlagbà. Wọ́n fi àwọn ará Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé ṣíṣarán kò wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn tó ti Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó ti kú ní ọdún 1995, ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ìkádìí

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé yìí jẹ́ fún àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò dúró níwájú kíláàsì lọ́la, ó sì ṣeé ṣe kí wárápá gbé ọmọ kan ṣubú níwájú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sá, gbogbo kíláàsì á sá, ọmọ náà kò sì ní padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Bí olùkọ́ bá mọ̀ pé wárápá kì í ràn, yóò dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kò ní ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, yóò sì rán àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe é lé lórí. Ojúṣe wa ni láti dá ìmọ̀ náà padà fún wọn ní èdè wọn.